Ọwọ́ Òsì Inú Àwòrán Àjàgbé

"Ojúlówó ni," ẹ̀rọ náà wí lẹ́ẹ̀kẹta.

Ìyùnadé kò yọ àtàǹpàkò rẹ̀ jáde nínú àpò ẹ̀wù. Ó dúró níwájú tábìlì gíláàsì tí wọ́n tẹ́ àwòrán náà sí, ó ń wò ó bí ẹni tí ó fẹ́ ra ẹran lọ́wọ́ alápatà tí kò jẹ́ kí oníbàárà fọwọ́ kàn án. Aṣọ àwòrán náà ti pọ́n rúsúrúsú létí. Ọ̀dà orí rẹ̀ ti sán bí ilẹ̀ àkùrọ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n odò tí ó wà láàrin rẹ̀ ṣì ń dán. Odò Ọ̀wẹ̀rẹ̀ ni, bí ó ti rí ní ọdún mẹ́tàlélógóje sẹ́yìn. Ó ti ìsàlẹ̀ àwòrán wá, ó fẹ̀ bí ọjà, ó sì yà bàrà sí apá òsì, kí ó tó fara pamọ́ sẹ́yìn òkè kan tí kò sí láyé mọ́, nítorí pé àwọn afọ́kùúta ti fọ́ ọ tán pátápátá.

Ẹ̀rọ náà kò tíì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Ọwọ́ tí ó yà á: Àjàgbé ará Ọ̀wẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀: odò kan, òkè kan, ọkọ̀ méjì, ènìyàn mọ́kànlá, ẹyẹ kan. Ìtọ́ka: ojú odò àtijọ́ gba àárín Ìsàlẹ̀-Ìpẹja kọjá. Ẹlẹ́rìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ àtàǹpàkò."

Ọ̀gá Láńlẹ́hìn, olórí Ilé-iṣẹ́ Ìrántí Odò, wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, irun rẹ̀ ti ń funfun, kì í sì í gbé ohùn sókè. Bí inú bá ń bí i, ọrùn rẹ̀ ni a fi ń mọ̀.

"Ìyùnadé, o ti gbọ́."

"Mo ti gbọ́, sà."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni o ní kí ó kà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni ó wí ohun kan náà. Arínúróde kì í ṣe àṣìṣe."

"Ẹ jọ̀wọ́, sà, orúkọ Ọlọ́run ni Arínúróde. Irin ni èyí."

"Gbogbo ilé-iṣẹ́ ló ń pè é bẹ́ẹ̀."

"Gbogbo ilé-iṣẹ́ kọ́ ni wọ́n yàn ní ẹlẹ́rìí."

Láńlẹ́hìn gbójú sókè wo ara ògiri. Gbólóhùn tí wọ́n kọ síbẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà ni gbogbo ọmọ Ọ̀wẹ̀rẹ̀ fi ń kọ́ ìwé kíkà: IRIN KÌ Í DÁ JẸ́RÌÍ. Ó dà bí ẹni pé ó ń bínú sí ẹni tí ó kọ ọ́.

"Igba òpó pupa ti wà nínú ọkọ̀ ní èbúté," ni ó wí. "Àwọn tí yóò ri wọ́n mọ́lẹ̀ ti jẹun yó, wọ́n ti ń ta ayò. Ọ̀sán ọ̀la ni ìgbẹ́jọ́. Kí ni o ń dúró dè?"

"Ẹ̀rí kejì."

"Ẹ̀rí kejì wo? Ṣé fọ́tò ni kí n gbé lọ síwájú adájọ́? Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi pé ẹ̀rọ ta ni ó yá mi ní irọ́? Tàbí èyí tí wọ́n yà láti ojú ọ̀run, tí ọmọ ọdún méje lè jókòó sílé kí ó ṣe irú rẹ̀ mẹ́wàá kí oúnjẹ tó jinná? Ọ̀dà nìkan ni kò lè purọ́ ọjọ́ orí rẹ̀, Ìyùnadé. Ìwọ ni o kọ́ mi ní gbólóhùn yẹn."

"Kí ló kán yín lójú tó báyìí, sà?"

"Òjò ni. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ṣé o fẹ́ kí a tún máa fi àwọ̀n wá òkú bí a ti ṣe ní ọdún Omíyalé? Odò kì í gbàgbé ilé. Ibi tí ó bá ti sùn rí, ibẹ̀ náà ni yóò padà sí. Bí ó bá bá ènìyàn lórí ẹní, kò ní jí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe Òfin Ìdápadà, pé kí a ri òpó pupa mọ́ ojú ọ̀nà odò àtijọ́, kí àwọn onílé ibẹ̀ sì kó kúrò; ìdí nìyẹn tí a fi ń san owó oṣù fún ọ."

Kò sí irọ́ nínú ohun tí ó sọ, èyí gan-an ni ó sì kọ Ìyùnadé lóminú. Ó ti pẹ́ tí ó ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí kò bá ní àlébù kankan ni ó yẹ kí ènìyàn yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ó tẹ̀ ba sórí àwòrán náà. Ní igun ìsàlẹ̀, lábẹ́ igi kan, ọmọbìnrin kan tí kò ga ju èékánná lọ wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń gbé igbá omi fún arúgbó kan tí ó dé fìlà.

Ọwọ́ òsì ni ó fi gbé igbá náà. Arúgbó náà sì na ọwọ́ òsì gbà á.

Ìyùnadé wo ibòmíràn. Apẹja tí ó dúró nínú ọkọ̀ ń fi ọwọ́ òsì ju àwọ̀n. Obìnrin tí ó ń fọ aṣọ létí omi ń fi ọwọ́ òsì lù ú mọ́ òkúta. Ọkùnrin kan ń juwọ́ sí ẹnìkejì rẹ̀ lókèèrè: ọwọ́ òsì.

"Sà, ọmọ ta ni yóò wà lórí ìkúnlẹ̀ kí ó sì máa fi ọwọ́ òsì gbé omi fún àgbà?"

Láńlẹ́hìn wò ó, kò sì pẹ́ tí ó fi gbójú kúrò. "Bóyá ọlọ́wọ́ òsì ni."

"Arúgbó náà ńkọ́? Apẹja ńkọ́? Obìnrin tí ó ń fọ aṣọ ńkọ́? Ṣé gbogbo Ọ̀wẹ̀rẹ̀ ni ó ń lo ọwọ́ òsì láyé ìgbà náà?"

"Odò ni a ní kí o wò. A kò ní kí o wo ọwọ́ àwọn òkú."

"Ẹni tí ó ya èyí kò mọ ìwà wa, sà. Àjèjì ni, ó sì fi orúkọ Àjàgbé bojú. Mo fura sí i."

"Èmi náà ń fura." Láńlẹ́hìn rọra súnmọ́ ọn. "Ṣé kì í ṣe pé o ní ẹbí ní Ìsàlẹ̀-Ìpẹja?"

"N kò ní ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Òkè-Àlàáfíà ni ilé wa, ẹ sì mọ̀ ọ́n. Ojúlé mẹ́ta péré ni ó wà láàrin tiwa àti tiyín." Ó mú àpò rẹ̀. "Òfin fún ẹlẹ́rìí ní ọjọ́ kan láti fura. Mo gbà á."

Bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí èbúté, yẹtí ìpè rẹ̀ dún. Ìyá rẹ̀ ni.

"Ìyùnadé, ògiri yàrá ẹ̀yìn tún ti ń làágùn o."

"Ooru ni, Màmá."

"Ooru ni ó ń mú ògiri làágùn? Ṣé ògiri rin ìrìn àjò ni? Ẹja tí mo sọ fún ọ ńkọ́?"

"Màmá, kò sí bí ẹja ṣe lè dé inú kànga. Àwọn ọmọ àdúgbò ni wọ́n ń fi yín ṣeré."

"Ó dáa. Èmi ni mo ń purọ́. Ẹja náà sì wà nínú abọ́ lórí tábìlì, ó ń wò mí."

Ìyùnadé rẹ́rìn-ín, ó ní òun yóò tètè dé. Kò ronú kàn án mọ́.

Ìsàlẹ̀-Ìpẹja wà ní apá òsì odò, bí ènìyàn bá kọjú sí ìhà tí omi ti ń bọ̀. Orí òpó gíga ni wọ́n kọ́ àwọn ilé rẹ̀ sí, àwọn pátákó tí ń gba oòrùn sì tò lórí òrùlé wọn bí ìpẹ́ ẹja. Kò tíì so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ariwo fi ta.

"Ìyá Alátàǹpàkò ti dé o! Ẹ tètè gbé ilé yín pamọ́!"

"Ẹ jẹ́ kí ó kọjá," ni ọkùnrin kan tí ó ń tún àwọ̀n ṣe wí láìgbójú sókè. "Bóyá ó wá wọn ibi tí a ó máa sùn nínú omi ni."

"Ọ̀nà-Àgbọn ni ó jẹ ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn," obìnrin kan dá a lóhùn láti ojú fèrèsé. "Ó jọ pé ebi tún ti ń pa á."

Ìyùnadé kí wọn, kò sì sí ẹni tí ó dá a lóhùn. Ó béèrè ilé àwọn Àjàgbé. Ọkùnrin aláwọ̀n náà fi ẹnu júwe rẹ̀, nítorí pé ó jọ pé kò fẹ́ fi ìka ṣòfò.

Obìnrin arúgbó kan jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà, ó ń yí ẹja tí ó sá sóòrùn padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Omídìran ni orúkọ rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ sì mọ́ kedere bí ojú adìyẹ. Ìyùnadé kúnlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá."

"Kú àbọ̀, ọmọ mi. Ìwọ ni wọ́n ń pariwo rẹ̀ yẹn?"

"Èmi ni, Màmá."

"Mo rò pé o máa tóbi ju báyìí lọ. Jókòó."

Ìyùnadé jókòó sórí àpótí. "Màmá, kí ni Àjàgbé ayàwòrán jẹ́ sí yín?"

"Òun ni ó bí bàbá tí ó bí bàbá mi."

"Ṣé ọlọ́wọ́ òsì ni?"

"Àjàgbé? Rárá o. Ta ló pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ ọn?"

"Kí ló dé tí gbogbo ènìyàn inú àwòrán tí wọ́n ní òun ni ó yà fi ń lo ọwọ́ òsì?"

Arúgbó náà bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ẹja ọwọ́ rẹ̀ fi já bọ́ sílẹ̀.

"Yéè! Láti ọjọ́ yìí tí ẹ ti ń kà á, ṣé ẹ kò mọ̀ pé inú dígí ni?"

"Dígí wo, Màmá?"

"Ọmọ mi, a kì í kọjú sí Ọ̀wẹ̀rẹ̀ kí a máa yà á. Ẹni tí ó bá tẹjú mọ́ odò láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, odò náà yóò tẹjú mọ́ ọn. Ọjọ́ tí ó bá sì wá a wá, kò ní ṣi ilé. Ẹ̀yìn ni Àjàgbé máa ń kọ sí i. Yóò jókòó sórí àpáta, yóò so dígí kọ́ ara igi níwájú rẹ̀, yóò sì máa yọ́ odò wò nínú dígí náà, bí ìyàwó tuntun ti í yọ́ àna rẹ̀ wò. Níbi tí kò bá sí igi, bàbá bàbá mi ni ó ń di dígí mú fún un nígbà èwe rẹ̀. Ó ní bí eṣinṣin bá bà lé òun nímú, òun kò gbọdọ̀ mira, kí odò má baà já bọ́ kúrò nínú àwòrán."

Ìyùnadé gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó wò wọ́n. Ohun tí ó bá wà nínú dígí, ọ̀tún rẹ̀ ni òsì, òsì rẹ̀ ni ọ̀tún. Ṣùgbọ́n ìfura rẹ̀ kò kúrò. Ńṣe ni ó kàn yí ojú padà sí ẹlòmíràn.

"Ẹ má bínú, Màmá. Ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ yín lọ́rùn ju bí ó ti yẹ lọ. Bí òsì bá di ọ̀tún, ilé yín bọ́ lọ́wọ́ òpó pupa. Ta ni kò lè hùmọ̀ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tí ó ku ọ̀la?"

"Ẹnu rẹ kò dùn," ni Omídìran wí, "ṣùgbọ́n orí rẹ pé. Dúró dè mí."

Ó wọlé, ó sì pẹ́ kí ó tó jáde. Ohun tí ó gbé wá ni ó fi aṣọ òfì wé bí ọmọ tuntun. Dígí ni, ó tóbi tó àwo ìjẹun, férémù igi rẹ̀ sì ti dúdú. Ìyùnadé wò ó. Ojú ara rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà ni ó rí apá òkè dígí náà, lọ́wọ́ ọ̀tún, níbi tí fàdákà ẹ̀yìn rẹ̀ ti bó, tí ó fi àmì dúdú kan sílẹ̀ tí ó na apá méjèèjì bí alápàáǹdẹ̀dẹ̀.

Ẹyẹ kan.

Nínú gbogbo àwòrán Àjàgbé tí ó wà ní ilé-iṣẹ́ náà, mẹ́sàn-án lápapọ̀, ẹ̀rọ kò ka ẹyẹ méjì rí, kò sì sí èyí tí kò ti ka ẹyẹ kan. Ìyùnadé ti máa ń rò pé ọkùnrin náà kàn fẹ́ràn ẹyẹ ni.

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún wa, Màmá?" Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Nígbà tí a fi àwòrán Àjàgbé lé àwọn ará Ọ̀nà-Àgbọn, kí ló dé?"

"A rò pé ẹ mọ̀. Kò sí ọmọ ìsàlẹ̀ odò tí kò mọ̀ pé inú dígí ni Àjàgbé ti ń mú odò. A ní ẹ̀rọ yín ti ní láti kọ́kọ́ yí i padà kí ó tó kà á. Ohun tí ń sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ yẹn, ta ni yóò rò pé kò mọ ìyẹn? Ta nínú yín ni ó sì sọdá wá bi wá? Ẹ̀rọ ni ẹ ń bi. Ẹ̀rọ náà kò ní ọwọ́, ọmọ mi. Báwo ni yóò ṣe mọ èyí tí a fi ń gbé omi fún àgbà?"

Nígbà tí Ìyùnadé padà dé ilé-iṣẹ́, oòrùn ṣì wà lókè. Ó tú àwọn àwòrán mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sílẹ̀ nínú yàrá ìpamọ́, ó sì yọ dígí kékeré tí ó fi ń kun ojú jáde nínú àpò rẹ̀. Ó gbé e ti ẹ̀gbẹ́ àwòrán àkọ́kọ́. Nínú dígí náà, apẹja gbé àwọ̀n rẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ó gbé e ti èkejì, ti ẹ̀kẹta. Nígbà tí ó kan ti ọmọbìnrin tí ó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó tẹ̀ ba sórí rẹ̀. Ọmọ náà, tí ó ti ń fi òsì gbé omi fún àgbà fún ọdún mẹ́tàlélógóje, fi ọwọ́ ọ̀tún gbé igbá náà, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé.

Lókè orí rẹ̀, odò náà yà bàrà sí apá ọ̀tún.

Kò nílò ẹ̀rọ láti mọ ibi tí ìyẹn já sí. Apá ọ̀tún ni Òkè-Àlàáfíà, níbi tí gbogbo ẹni tí ó sá fún Omíyalé kó lọ, nítorí pé Ilé-iṣẹ́ Ìrántí Odò ti fi òǹtẹ̀ lù ú pé omi kò dé ibẹ̀ rí láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ wà. Ibẹ̀ ni sàréè bàbá rẹ̀ wà, níwájú ilé, lábẹ́ ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tí Ìyùnadé fúnra rẹ̀ gbìn. Ọ̀nà-Àgbọn sì ńkọ́? Ìdílé mọ́kànléláàádọ́rin ni àtàǹpàkò rẹ̀ lé kúrò lórí ilẹ̀ tí odò kò fẹsẹ̀ tẹ̀ rí.

Láńlẹ́hìn dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò mọ ìgbà tí ó dé.

"Mo rí i pé o kò tíì lọ sílé," ni ó wí. "Sọ ohun tí o rí."

Ó sọ fún un, kò fi ẹyọ kan pamọ́. Bí ó ti ń sọ̀rọ̀, ọrùn Láńlẹ́hìn ni ó ń wò, ó ń ṣọ́ bóyá ìbínú yóò hàn níbẹ̀. Kò hàn. Èyí ni ó dẹ́rù bà á jù.

"O ti ronú ibi tí ìlà náà yóò gbà?" Láńlẹ́hìn béèrè.

"Mo ti rò ó."

"Yóò gba ilé mi. Yóò gba tìrẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ yóò sì hú bàbá rẹ, wọn yóò di egungun rẹ̀ sínú àpótí pẹ̀lú nọ́ńbà lára." Ó fa àga kan, ó jókòó, ó sì sọ ohùn rẹ̀ di ti ẹ̀gbọ́n sí àbúrò. "Gbọ́, Ìyùnadé. Ní òwúrọ̀ yìí o sọ pé o fura pé ayédèrú ni àwòrán náà. Sọ bẹ́ẹ̀ lọ́la. Ọwọ́ òsì yẹn tó ẹ̀rí. Gbogbo adájọ́ ni yóò gbà á. Ìsàlẹ̀-Ìpẹja yóò jó, Òkè-Àlàáfíà yóò sùn. Ta ni yóò sunkún nínú rẹ̀?"

"Ẹni tí ó bá kù nígbà tí òjò bá dé, sà."

"Bóyá omi kò ní wá."

"Ẹ kò sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará Ọ̀nà-Àgbọn."

Láńlẹ́hìn dìde. "O mọ òfin. Ẹlẹ́rìí tí ó bá fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun ti jẹ́rìí èké rí, bí kò tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀, wọn yóò pa àtàǹpàkò rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé ìlú. Kò ní ṣí ilẹ̀kùn kankan fún ọ mọ́, ìbáà ṣe ti ilé-iṣẹ́, ti ilé ìwòsàn, tàbí ti ilé ìyá rẹ. Ìlú tí o sìn fún ọdún mẹ́rìnlá yóò máa wò ọ́ bí àlejò títí tí o ó fi kú."

Ó jáde. Ìyùnadé kò mọ̀ bóyá ìkìlọ̀ ni tàbí ẹ̀bẹ̀. Ó kó àwọn àwòrán náà jọ, ó sì ti yàrá ìpamọ́ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí kò mọ ohun tí ọkùnrin náà lè ṣe sí wọn.

Orí ọkọ̀ ńlá kan tí wọ́n so mọ́ àárín odò ni ilé ẹjọ́ máa ń jókòó sí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ilẹ̀ apá kan ni àwọn adájọ́ ń jẹ. Nígbà tí ó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọkọ̀ kéékèèké ti kún ìhà méjèèjì. Àwọn ará Ìsàlẹ̀-Ìpẹja ti di ẹrù wọn. Àwọn ará Òkè-Àlàáfíà gbé agbòòrùn dání, wọ́n wá wòran.

Adájọ́ Àgbà, obìnrin tí ohùn rẹ̀ kò ga ju ti ẹni tí ń gbàdúrà lọ, béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo tí òfin gbà láàyè.

"Ẹlẹ́rìí, ojúlówó ni tàbí ayédèrú?"

Láńlẹ́hìn jókòó ní ìlà iwájú. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ojúlówó ni, Olúwa mi," ni Ìyùnadé wí. Igbe ta láti apá òsì. Ó dúró kí ó lọ sílẹ̀. "Ojúlówó ni, a sì ti kà á sódì. Kì í ṣe èyí nìkan. Gbogbo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ni."

Ó gbé àwòrán náà sókè, ó sì yíjú sí àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀. "Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níhìn-ín, ta ni nínú yín tí ọmọ rẹ̀ ń fi ọwọ́ òsì gbé omi fún?"

"Kí ó dán an wò!" bàbá kan kígbe. Gbogbo odò bú sẹ́rìn-ín.

Ó ṣe àlàyé fún wọn. Ó sọ ti dígí, ó sọ ti àmì dúdú. Nígbà tí ẹ̀rọ ka àwòrán náà níwájú gbogbo wọn, tí ó dé "ẹyẹ kan," Omídìran dìde nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó gbé dígí ìdílé rẹ̀ sókè, ó ní, "Ìwọ irin yìí, kì í ṣe ẹyẹ! Dígí wa ni ó bó!" Wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e lé ẹ̀gbẹ́ àwòrán. Adájọ́ Àgbà wò ó pẹ́.

"Ẹ̀rọ," ni Ìyùnadé wí, "yí àwòrán náà padà kí òsì rẹ̀ di ọ̀tún, kí o sì tún un kà."

"Ojúlówó ni," ẹ̀rọ náà dáhùn, pẹ̀lú ohùn kan náà, bí ẹni pé kò sọ nǹkan mìíràn rí. "Ìtọ́ka: ojú odò àtijọ́ gba àárín Òkè-Àlàáfíà kọjá. Iye ilé tí ó wà lójú rẹ̀: irinwó ó lé méjìdínlógún. Ẹlẹ́rìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ àtàǹpàkò."

Ẹ̀rín ti tán. Ní apá ọ̀tún, agbòòrùn kan já bọ́ sómi, kò sì sí ẹni tí ó nawọ́ mú un.

"Kí n tó tẹ̀ ẹ́," ni Ìyùnadé wí, "ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àtàǹpàkò yìí kan náà ni ó lé àwọn ará Ọ̀nà-Àgbọn, wọn kò sì jẹ odò ní nǹkan kan."

Ó tẹ̀ ẹ́. Gíláàsì ẹ̀rọ náà tàn pupa, ó sì kú.

Kí oòrùn tó rẹlẹ̀, ọkọ̀ òpó ti yí imú padà. Ìyùnadé bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún òun ní òpó àkọ́kọ́. Ó gbé e lé èjìká, ó sì gun òkè lọ láàrin àwọn aládùúgbò tí wọ́n ti ń kí i láti ìgbà èwe rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó kí i. Níwájú ilé Láńlẹ́hìn, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, ọkùnrin náà sì ń gbé àga jáde fúnra rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó sì tún wolẹ̀. Ìyùnadé kò mọ̀ bóyá ó ti di ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ láti àná.

Ó dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn, ó sì fi àtàǹpàkò kan ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn náà dákẹ́. Ó tún fi kàn án. Lẹ́yìn náà ni ó ká ìka rẹ̀, ó sì kan ilẹ̀kùn bí àlejò.

Ìyá rẹ̀ ṣí i. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo òpó.

"Ti ta ni ìyẹn?"

"Tiwa ni, Màmá."

Obìnrin náà wo ìhà ibi tí sàréè wà. Ó pẹ́ tí ó fi ń wò ó. Ó yí padà, ó wọlé, ó sì gbé abọ́ kan jáde, ó nà án sí Ìyùnadé.

"Èmi ni mo ń purọ́, àbí?"

Ìyùnadé kúnlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ẹja odò kan wà nínú omi náà, kò gùn ju ìka lọ, ó mọ́ rekete, ó sì ń mí. Ìyùnadé retí pé yóò kọjú sí ìsàlẹ̀ òkè, níbi tí odò wà. Ẹja náà ju ìrù lẹ́ẹ̀kan, ó yí po nínú abọ́, ó sì dúró.

Yàrá ẹ̀yìn ni ó kọjú sí, níbi tí ògiri ti ń làágùn.